Búlọ́ọ̀kù Kan fún Ojú Ìwé Kan

Ọdún tí oòrùn kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò relé mọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Kí èèyàn tó fọ ẹnu tán láàárọ̀, òógùn á ti wẹ̀ ẹ́. Lọ́sàn-án, ajá ò gbó mọ́. Bó bá rí olè, á kàn ṣẹ́jú sí i pé kó máa bá tiẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní òjò tó yẹ kó ti rọ̀ láti oṣù méjì sẹ́yìn ò tíì yọjú, pé nígbà èwe àwọn, ojú ọjọ́ kì í ṣe wèrè báyìí. Gbogbo ìlú ló ń jó lójú oòrùn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí kò gbà pé ooru ń mú ẹnikẹ́ni, nítorí pé òun ò tíì fọwọ́ sí i.

Oyè rẹ̀ ni Olùdarí Àgbà fún Ilé, Ògiri àti Gbogbo Ohun Tó Bá Dúró. Ẹ mí díẹ̀ kí ẹ tó tún un kà. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò láǹfààní yẹn o. Bí wọ́n bá fẹ́ kí i láàárọ̀, wọ́n ní láti pè é tán láìmí. Ẹni tó bá mí láàárín á padà bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ṣá, Ìwé-Dà ni gbogbo ìlú ń pè é, torí ìbéèrè kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n bi èèyàn nìyẹn. O fẹ́ kan ilẹ̀kùn? Ìwé dà? Ògiri rẹ wó lójijì? Ìwé tó fún un láṣẹ láti wó dà?

Ó tilẹ̀ gba ọkùnrin kan síṣẹ́, iṣẹ́ oṣù gidi, tó jẹ́ pé àtẹ́wọ́ nìkan ló ń pa. Bí Ìwé-Dà bá sín, Apàtẹ́wọ́ á pàtẹ́wọ́. Bó bá jókòó tí kò ṣubú, Apàtẹ́wọ́ á pàtẹ́wọ́. Àwọn tó kù nínú ọ́fíìsì á sì gbè é lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa dákẹ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Igi ńláńlá mọ́kàndínlógún ló wà ní títì nígbà kan, abẹ́ wọn làwọn èèyàn ń sá sí. Ìwé-Dà ní ewé wọn ń bo pátákó tí wọ́n ya àwòrán òun sí. Wọ́n gé gbogbo wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà, àwòrán rẹ̀ ló kù ní títì, àwòrán ò sì ṣe é sá sábẹ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí wá dùn jù ni bíríkìlà kan, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń gba iṣẹ́ ojúmọ́ níbi tí wọ́n bá ti pè é. Òun àti ìyá rẹ̀ ló ń gbé. Ìyá náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ara rẹ̀ ti rọ̀, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ṣì mú ju abẹ lọ. Yàrá wọn ò ní àjà. Páànù lásán ló wà lókè, bó bá sì di aago méjìlá, á máa ta páá, páá, lórí wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bíríkìlà ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá ìyá rẹ̀ nílẹ̀, ojú ti yí, ètè ti gbẹ. Ó gbé e sáré dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré.

Dókítà ní, "Ìyá yín ò lárùn kankan. Ooru ni. Ẹ wá ibi tó tutù fún wọn lọ́sàn-án, kí omi má sì jìnnà sí wọn. Bí wọ́n bá tún dákú báyìí lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ má bi mí ní nǹkan kan o."

Ibo ló tutù? Ibì kan ṣoṣo ni, inú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Ògiri rẹ̀ nípọn, òrùlé rẹ̀ ga, inú rẹ̀ tutù bí inú àmù. Ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi kan ò sí níbẹ̀. Mọ́sáláṣí ló wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ọgbà mọ́sáláṣí fara ti ògiri ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kànga inú ọgbà yẹn kì í gbẹ, àmọ́ òrùlé tiwọn rẹlẹ̀, ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹnu ọ̀nà àwọn méjèèjì sì kọ̀yìn síra wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ti ibi tútù lọ síbi omi, àfi kó rìn yí gbogbo àdúgbò po nínú oòrùn. Ojú ọ̀nà yẹn ni àwọn arúgbó ti ń ṣubú.

Ọdún mọ́kànlá ni Pásítọ̀ àti Lèmọ́ọ̀mù ò fi kíra wọn, lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ooru ló parí ìjà. Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì jọ gbé arúgbó kan nílẹ̀ ní títì, ọ̀kan dì í lápá, èkejì dì í lẹ́sẹ̀, ni Pásítọ̀ tó jẹ́ èèyàn kúkúrú gbójú sókè wo Lèmọ́ọ̀mù tó ga bí òpó.

"Lèmọ́ọ̀mù, ẹ̀yin lẹ ni kànga, èmi ni mo ni ibòòji. Kí ló wà láàárín wa?"

"Ògiri tí ò nílẹ̀kùn ni, Pásítọ̀."

"Ta ló ní kó má nílẹ̀kùn?"

"Àwọn bàbá wa ni, nígbà tí inú ń bí wọn."

"Ṣé inú ṣì ń bí wọn ni?"

"Wọ́n ti kú, Pásítọ̀."

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe bíríkìlà. Ó lu ihò sí ògiri náà láàárọ̀ ọjọ́ kan: fífẹ̀ ihò náà tó búlọ́ọ̀kù mẹ́ta, gíga rẹ̀ tó ìlà mẹ́jọ. Kò gba kọ́bọ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ òun ṣiṣẹ́ náà dáadáa. Ó mu omi kànga, ó padà wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì kejì láti iwájú, ó sùn títí di ìrọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, ibẹ̀ di tiẹ̀.

Ibẹ̀ wá kún o. Àwọn obìnrin mọ́sáláṣí ń fa omi, àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé e wọlé, wọ́n ń fi aṣọ tútù sí àwọn arúgbó lọ́rùn láìbéèrè ẹ̀sìn ọrùn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Lèmọ́ọ̀mù wàásù pé Ọlọ́run ló ni ilẹ̀ ayé, pé ṣe ló kàn ní ká bá òun ṣọ́ ọ, àwa sì ń gé igi rẹ̀, à ń fi èéfín kun ojú ọ̀run, a wá ń béèrè ìdí tó fi gbóná. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Pásítọ̀ wàásù ohun kan náà, gbólóhùn sí gbólóhùn. Àwọn kan ní ó jí i. Ó ní òun ò jí i, òun yá a ni.

Ìròyìn dé ilé dígí. Ẹ má bínú, mo gbàgbé láti sọ pé dígí ni Ìwé-Dà fi kọ́ ọ́fíìsì àti ilé rẹ̀ látòkè délẹ̀, kí ìlú lè máa rí i bó ṣe ń ronú. Ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rìnlá ló ń bá oòrùn jà níbẹ̀. Kóòtù onírun àgùntàn ló sì máa ń wọ̀ nínú rẹ̀, torí òtútù.

"Ihò!" ló pariwo. "Ihò nínú ògiri, lábẹ́ ìṣàkóso mi! Ògiri tó lálàáfíà, tó jókòó jẹ́ẹ́! Ọ̀la wọ́n á lu ihò sí òfúrufú!"

Apàtẹ́wọ́ pàtẹ́wọ́.

Wọ́n pe bíríkìlà wá. Ó dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń gbọ̀n, ẹ̀rù lápá kan, òtútù lápá kan.

"Ìwọ lo lu ògiri?"

"Èmi ni, sà."

"Ìwé dà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ooru ló ń mú ìyá mi. Dókítà ní wọ́n lè kú."

"Ṣé ìyá rẹ níwèé tó fi hàn pé ooru ń mú un?"

"Rárá o, sà. Òógùn nìkan ni wọ́n ní."

"Kò sí ooru nílùú yìí!" Ìwé-Dà fi ọwọ́ gbá tábìlì. "Bí ooru bá ń bọ̀, èmi ni yóò kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ìwọ tó o lu ihò yẹn náà lo máa dí i, lọ́jọ́rú, níṣojú gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni tó bá tún yọ ẹyọ búlọ́ọ̀kù kan níbẹ̀ láìsí ìwé tó lóǹtẹ̀, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà!"

Ó jókòó, ó kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí Mínísítà, ó ní kó wá ṣe àlejò pàtàkì. Mo rí ìwé náà, nǹkan ni. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí ooru nílùú yìí. Lẹ́ẹ̀kejì, ooru inú ṣọ́ọ̀ṣì náà pọ̀ débi pé ó lè pa èèyàn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́ẹ̀kẹta, òun fi ara òun wọ ibẹ̀ lọ wò ó, orí ló kó òun yọ. Irọ́ ńlá. Kò dé ibẹ̀ rí.

Ó wá ṣètò ayẹyẹ ìdíhò. Ọ̀rọ̀ tó máa sọ jẹ́ ojú ìwé mẹ́rìnlélógún. Ihò gba búlọ́ọ̀kù mẹ́rìnlélógún. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò: búlọ́ọ̀kù kan fún ojú ìwé kan! Bó bá ka ojú ìwé kan tán, bíríkìlà á mọ búlọ́ọ̀kù kan, kí ìran tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló di ògiri. Bí aago méjìlá bá ti lù, Apàtẹ́wọ́ á ti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì níwájú pa, á fi àgádágodo sí i, á fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpòòwé, alùpùpù á sì gbé e lọ sí olú ìlú lójú ẹsẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i níbẹ̀ kó tó padà.

Lọ́jọ́rú, aago mọ́kànlá, wọ́n kó gbogbo arúgbó jáde sínú ọgbà mọ́sáláṣí. Oòrùn dúró lórí wọn gan-an. Bíríkìlà fi ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga kan, ó ṣí fìlà tirẹ̀ dé e lórí, ó gbé ife omi lé e lọ́wọ́.

"Ìyá mi, ẹ fara dà á díẹ̀."

"Ìwọ ni kó o yára," ni ìyá náà sọ. "Ẹnu ọkùnrin yìí ló máa pa mí, kì í ṣe oòrùn."

Bíríkìlà lọ po iyanrìn. Ṣọ́bìrì iyanrìn mẹ́wàá, ẹ̀kúnwọ́ sìmẹ́ńtì kan. Bí bíríkìlà mìíràn bá rí i, á sunkún. Láyé rẹ̀, kò ṣe irú iṣẹ́ burúkú bẹ́ẹ̀ rí, ojú sì tì í. Àmọ́ ó ti pinnu pé ògiri yìí ò gbọdọ̀ lágbára ju ìyá òun lọ.

Ìwé-Dà dé nínú kóòtù onírun àgùntàn. Ó dúró lójú oòrùn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, òógùn bo ojú rẹ̀, etí rẹ̀ pọ́n. Ni afẹ́fẹ́ tútù kan bá ti inú ihò fẹ́ sí i lọ́rùn. Ó yí padà. Ó wo ihò. Ó tún wo oòrùn.

"Ọlá mi ò gbà kí n ti ìta bá ará ìta sọ̀rọ̀," ló wí. "Láti inú ni ọ̀rọ̀ àgbà ti ń jáde." Ó bá gba inú ihò wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró síbẹ̀, ó tú ìwé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará ìlú tí ẹ ní oríire láti ní mi! Kí ni ihò? Ihò ni ibi tó yẹ kí ògiri wà tí ògiri ò sí. Ta ló lé ògiri lọ? Ṣé ògiri rán yín níṣẹ́ ni?"

Àtẹ́wọ́. Búlọ́ọ̀kù kan.

Ní ojú ìwé kẹfà, ó fi ara rẹ̀ wé òpó ayé, búlọ́ọ̀kù sì ti bo orúnkún òpó. Ní ojú ìwé kejìlá, ó ní bí òun bá kú, ilé gbogbo á ṣọ̀fọ̀ òun, àwọn òrùlé á tẹrí ba. Ní ìkẹẹ̀ẹ́dógún, láti àyà rẹ̀ lọ sókè nìkan la ń rí. Lèmọ́ọ̀mù da omi sórí ìyá bíríkìlà, Pásítọ̀ ń fi ìwé orin fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn gbogbo búlọ́ọ̀kù ni bíríkìlà ń bojú wẹ̀yìn. Ìyá náà ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyẹn ló já a láyà jù, torí ìyá tó mọ̀ kì í dákẹ́.

Ní ojú ìwé kọkànlélógún, orí nìkan ló kù. Ìkejìlélógún bo etí òsì. Aago lù, Apàtẹ́wọ́ sáré lọ tìlẹ̀kùn. Ìkẹtàlélógún bo etí ọ̀tún. Imú àti ẹnu nìkan ló wá ń ṣe ìjọba láàárín ògiri.

"Ní ìparí ọ̀rọ̀ mi," ni ẹnu náà sọ, "mo fẹ́ kí gbogbo yín máa rántí, tọmọtọmọ, pé èmi nìkan ṣoṣo ni mo lè..."

Ojú ìwé ìkẹyìn ti tán, ọ̀rọ̀ ló kù. Bíríkìlà ti búlọ́ọ̀kù wọlé.

Kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rẹ̀ àtẹ́wọ́, torí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ohùn kékeré kan gba inú ògiri jáde.

"Bíríkìlà. Báwo ni mo ṣe máa jáde?"

"Ẹ gba ẹnu ọ̀nà iwájú, sà."

A gbọ́ tó ń sáré lọ. A gbọ́ tó ń gbá ilẹ̀kùn. A gbọ́ ohùn Apàtẹ́wọ́ lọ́nà jíjìn: "Kọ́kọ́rọ́ ti lọ, sà! Ẹ ní kó má pẹ́!" Ó sì pàtẹ́wọ́. Ìwé-Dà sáré padà.

"Bíríkìlà! Yọ búlọ́ọ̀kù yìí!"

Ẹ gbà mí gbọ́, bíríkìlà ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló ń rò. Tọkàntọkàn ló fi dáhùn pé, "Ìwé dà, sà?"

Ẹ̀rín bú jáde débi pé àwọn arúgbó méjì gbàgbé pé ooru ń mú àwọn. Inú ṣọ́ọ̀ṣì pariwo, ó halẹ̀, ó pe oyè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láìmí, nígbà tó yá, ó dákẹ́.

Ìgbà yẹn gan-an ni ife já bọ́ lọ́wọ́ ìyá bíríkìlà. Orí rẹ̀ ṣubú sí èjìká.

"Yéè! Ìyá mi o!" Bíríkìlà gbá òòlù mú. Akọ̀wé ọ́fíìsì dìde, ó gbé bírò sókè, ó ní, "Oṣù mẹ́fà o! Orúkọ ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni mo máa kọ!"

"Kọ tèmi," ni Pásítọ̀ wí.

"Kọ tèmi ṣáájú tiẹ̀," ni Lèmọ́ọ̀mù wí.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Lèmọ́ọ̀mù, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

"Èmi ni mo dàgbà jù, Pásítọ̀. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ ṣẹ̀wọ̀n."

Ibi tí wọ́n ti ń du ẹ̀wọ̀n mọ́ra wọn lọ́wọ́, bíríkìlà ti dé ìdí ògiri. Kò tilẹ̀ nílò òòlù. Búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ jáde wẹ́rẹ́. Lèmọ́ọ̀mù gba èkejì, Pásítọ̀ gba ẹ̀kẹta, àwọn akọrin àti àwọn obìnrin ìdí kànga tò lẹ́yìn wọn, búlọ́ọ̀kù ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Akọ̀wé kọ orúkọ títí bírò rẹ̀ fi tán. Ó bá gbé e jù, òun náà wá gba búlọ́ọ̀kù.

Ìlà mẹ́ta ló kù nílẹ̀ nígbà tí mọ́tò Mínísítà dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí. Obìnrin náà sọ̀kalẹ̀, ìròyìn Ìwé-Dà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rí bíríkìlà tó gbé ìyá rẹ̀ lẹ́yìn tó ń sọdá ògiri. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó tẹ̀ lé wọn wọlé.

Ẹ wá wo nǹkan. Lórí bẹ́ǹṣì kejì láti iwájú, Ìwé-Dà nà gbalaja. Kóòtù onírun ti di ìrọ̀rí. Ikùn rẹ̀ wà níta, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú garawa omi tí àwọn arúgbó fi sílẹ̀, ó ń hanrun bí ẹni tí ò jẹ ayé ní gbèsè kankan. Ooru ìta fẹ́ sí i láti inú ihò. Kò lajú.

"Ta ló ṣí ibẹ̀ yẹn?" ló kùn. "Ooru ń wọlé! Ẹ tì í, ẹ jẹ́ kí n sùn. Ibí yìí nìkan ló ṣe é gbé nílùú yìí."

Mínísítà ṣí ìròyìn. Ó kà á sókè ketekete: "'Ooru inú ṣọ́ọ̀ṣì náà lè pa èèyàn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.' Ọ̀gá, ó ti tó wákàtí kan tẹ́ ẹ ti wà níbí. Ìgbà wo lẹ máa kú?"

Ìwé-Dà lajú. Ó dìde fìrì, garawa dànù. Ó la ẹnu láti pe oyè rẹ̀, ó dé "Olùdarí Àgbà fún Ilé, Ògiri..." èémí tán, kò sì sẹ́ni tó ní kó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ yẹra, sà," ni bíríkìlà wí. "Ìyá mi fẹ́ dùbúlẹ̀."

Ó yẹra. Wọ́n tẹ́ ìyá náà sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fi aṣọ tútù sí i lọ́rùn àti lábíyá, Lèmọ́ọ̀mù ń kán omi sí i lẹ́nu, Pásítọ̀ ń gbàdúrà láìjẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde. Bíríkìlà kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mínísítà pàápàá ò mira. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó pẹ́ jù lójú ọmọ.

Ìyá náà ṣẹ́jú. Ó wo òrùlé, ó wo ọmọ rẹ̀, ètè rẹ̀ rọra ṣí.

"Ṣé ọkùnrin yẹn ti sọ̀rọ̀ tán?"

Bíríkìlà bú sẹ́kún, ó bú sẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tó ń ṣe.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n gba oyè lọ́wọ́ Ìwé-Dà. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ fi máa ti olú ìlú dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n ti fi ilẹ̀kùn gidi sí ihò náà, ìjọ méjèèjì sì ti gbin igi sí títì, wọ́n ń bu omi kànga sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n ń jà lórí ìjọ tí igi tirẹ̀ ń yára dàgbà. Apàtẹ́wọ́ ń fa omi nídìí kànga báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ ti le tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ náà bá a mu.

Ooru ò lọ o. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná mànàmáná lọ, ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rìnlá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ilé dígí sì gbóná kọjá ohun tí ara lè gbà. Ẹnì kan yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn tuntun náà, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó di ife mú. Bíríkìlà rí i. Ó rántí àga yẹn, ó rántí ife tó já bọ́. Ó dìde pé òun á lé e. Ṣùgbọ́n Lèmọ́ọ̀mù ti bu omi fún un, Pásítọ̀ ti fi ibi tó ṣófo hàn án, ní ìdí bẹ́ǹṣì kejì.

Ọkùnrin náà mu omi tán. Ó wo àwọn èèyàn tó kún ibẹ̀, ojú rẹ̀ dán. Ó gbé àyà sókè, ó wú ikọ́.

"Ẹ̀yin ará ìlú tí ẹ ní oríire láti..."

Ìyá bíríkìlà na ọwọ́, ó fà á ní ṣòkòtò.

"Ọmọ mi, jókòó. Àwọn èèyàn ń sùn."

Ó wò yíká bóyá ẹnì kan máa pàtẹ́wọ́ fún òun. Kò sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jókòó.